Orúkọ Tí Ìyàwó Kò Pè

"Kí ni orúkọ ọkùnrin tó sìn yín wá síbí lónìí?"

Àǹtí ló béèrè. Ó ti béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, òdo sì ni Màmá gbà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé, kò sì sí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin nínú òfin. Màmá tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó wo ẹ̀rọ tó wà lára ògiri, ó wò mí, ó sì pa ẹnu dé bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo fi ọwọ́ nu ojú. Ó ti rẹ̀ mí. Kì í sì í ṣe àárẹ̀ ọjọ́ kan, irú èyí tí oorun ń wò sàn. Èyí tí èèyàn ń bá jí láàárọ̀ ni, tó ti jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn dè é.

Abọ́sẹ̀dé Ládépò lorúkọ mi. Ọdún kejìlélógún mi nìyí ní yàrá kejì, ní Ilé Àyẹ̀wò Ènìyàn ti Òkè-Tuntun, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó nígbà tí òkun lé àwọn ará etíkun wá bá àwọn ará òkè. Iṣẹ́ mi kò ju kí n fi òǹtẹ̀ lu ohun tí Àǹtí bá sọ. Àǹtí kì í ṣe èèyàn. Ẹ̀rọ ni, kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ. Ohùn obìnrin tí wọ́n fún un ló jẹ́ kí àwọn ará ìlú máa pè é bẹ́ẹ̀. Yorùbá ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní débi pé kò jọ ti ìlú kankan. Kì í bínú, kì í yán, kì í sọ pé òun fẹ́ jáde lọ mu omi. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń jowú rẹ̀.

Màmá tó wà lórí àga, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Àmì kékeré kan wà lẹ́yìn etí òsì rẹ̀, kò ju orí ìṣó lọ, iná aláwọ̀ ewé sì máa ń ṣẹ́jú níbẹ̀. Àmì àwọn tó ní àfikún nìyẹn. Rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọsibítù sì fi ọpọlọ àfikún dí àyè ohun tí àìsàn bàjẹ́. Ohun tí wọ́n dí ju ìdajì lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti ju ìdajì lọ, òfin ní kó wá jókòó sórí àga yìí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kó dáhùn ìbéèrè méje, kí a lè mọ̀ bóyá ẹnì kan ṣì wà nínú ilé tàbí àfikún nìkan ló ń dá wa lóhùn.

Ẹni tó bá yege máa ń gba ìwé ènìyàn. Ẹni tó bá kùnà, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú á wá gbé e ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ sí Ọgbà Ìpamọ́. Níbẹ̀, wọ́n máa ń tò wọ́n jókòó ní ìlà, kí wọ́n máa dá àwọn tó bá pe ilé ìjọba lóhùn. Nígbà kan tí omi ẹ̀rọ àdúgbò wa kò yọ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo pè wọ́n láti ṣàròyé. Mo dá ohùn tó gbé fóònù náà mọ̀. Èmi ni mo lu òǹtẹ̀ rẹ̀, ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó kí mi kú ìrọ́jú, ó sì béèrè bóyá mo tún fẹ́ nǹkan mìíràn.

Ìbéèrè mẹ́fà àkọ́kọ́ kò yọ Màmá lẹ́nu rárá. Àǹtí ní kó sọ ohun tó kórìíra láìnídìí, ó ní ìwúkọ́ aládùúgbò òun. Àǹtí ní kó pa irọ́ kan. Ó wo ẹ̀rọ náà títí, ó ní, "Ìwọ yìí, ẹwà rẹ pọ̀ o." Mo rẹ́rìn-ín sókè, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ náà. Ibi ìbéèrè keje, tí Àǹtí máa ń mú láti inú ayé ẹni tó jókòó gan-an, ni gbogbo nǹkan ti dúró.

"Màmá," mo ní, "ṣé ẹ ò rántí orúkọ wọn ni?"

"Orúkọ ta ni?"

"Bàbá tó bá yín wá. Tí wọ́n jókòó síta."

"Ọkọ mi nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ sọ láàárọ̀ pé ọkọ yín ti kú."

"Bàbá Mopélọ́lá ti kú. Eléyìí, àbúrò wọn ni. Ọkọ mi ni wọ́n. Níbo ni wọ́n ti bí ọ, tí o ò mọ̀ pé bí ìyá ọkọ bá gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lọ́wọ́ nígbà tí o wọlé, ọkọ rẹ ni?"

Mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti wọ ilé ọkọ rí. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti bí sínú agbo ilé kí ìyàwó tó dé, àgbà ìyàwó ni, ìbáà máa rá kòrò. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wá orúkọ mìíràn tó dùn ún gbọ́, tí á fi máa pè é títí ọ̀kan nínú wọn á fi kú. Ọmọ ọdún méje ni bàbá tó wà níta nígbà tí wọ́n mú Àwẹ̀ró wọlé ní Ìgbòho. Òun ló bu omi tí wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. Àwẹ̀ró rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, tí eyín rẹ̀ tò bí èyí tí wọ́n fi okùn wọ̀n, ó sì sọ ọ́ ní Eyínmẹ́nugún. Bàbá náà ti di ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin báyìí, eyín mẹ́ta ló sì kù lẹ́nu rẹ̀. Eyínmẹ́nugún náà ló ṣì ń jẹ́ lẹ́nu Màmá.

Orúkọ yìí ni Màmá fi dáhùn ìbéèrè keje láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àǹtí ní kò sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìjọba.

Kí n má parọ́, inú bí mi sí Màmá. Ó wù mí kí n mì í. Ẹ̀mí rẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń bá wa ṣe ìyàwó. Nígbà tí inú mi rọ̀ díẹ̀, mo rántí ọjọ́ tí mo kúrò nílé ọkọ tèmi. Mo dúró láàárín agbo ilé, mo sì pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lórúkọ gbalaja, lẹ́ẹ̀mẹta, lójú àwọn ọmọ rẹ̀. N kò kábàámọ̀ pé mo lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí bí ojú bàbá yẹn ṣe rí, oúnjẹ máa ń sú mi, ọdún mọ́kàndínlógún sì nìyí.

Mo yí àga mi sí ẹ̀rọ náà.

"Àǹtí, ṣé o mọ̀ pé ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ ní ilẹ̀ yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Ìyáàfin Ládépò. Orúkọ tí àwọn ìyàwó ti fi pe àwọn ará ilé ọkọ wọn, mo lè ka ẹgbẹ̀rin fún yín báyìí."

"Kí ló wá dé tí o fi ń bi wọ́n?"

"Nítorí pé àfikún orí wọn náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí àfikún bá ti mọ̀ pé èèwọ̀ ni, kò ní í ṣe é, ìbáà jẹ́ pé ẹni tó gbé e lórí ń lọ sínú iná. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìrora ìpinnu. Èèyàn ló máa ń wo èèwọ̀ ara rẹ̀, á wo ọ̀ràn tó dé bá a, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọ̀kan. Mo ń wá ẹni tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọ̀kan."

"Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti wo méjèèjì, tí wọ́n sì mú èèwọ̀ wọn ńkọ́?"

"Báwo ni mo ṣe máa mọ ìyàtọ̀?" ni Àǹtí wí.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé kò fi ìgbéraga sọ ọ́. Ó ń béèrè ni. Ó fẹ́ kí n sọ fún òun, bí mo bá mọ̀ ọ́n, n kò sì mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ló kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀. Ó máa ń fi ọwọ́ tẹ èjìká mi mọ́lẹ̀ bí àlejò bá ti wọlé, títí orúnkún mi fi ń ṣẹ́ fúnra rẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí ọkàn mi kò bá sí nínú kíkí ọ̀hún. Ta wá ni ó ń kúnlẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ìyá mi fi ọwọ́ tẹ̀ sí mi lára àti ohun tí dókítà fi ẹ̀rọ tẹ̀ sí Màmá lórí? Mo ti jókòó síbí fún ọdún méjìlélógún, mò ń ya èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kì í ṣe èèyàn, bí ẹní ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, n kò sì lè dáhùn ìbéèrè yìí.

Aago mẹ́ta ti kọjá. Dírẹ́bà ọkọ̀ aláwọ̀ eérú ti dé. Mo rí i lójú fèrèsé tó ń fi aṣọ nu gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣì wà. Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, àyè kékeré kan wà tí wọ́n kọ "Mo dúró fún un" sí. Bí mo bá tẹ àtàǹpàkò mi síbẹ̀, Màmá máa gba ìwé rẹ̀, kò sì sí ohun tí Àǹtí lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n lọ́la, èmi ni mo máa jókòó sórí àga yẹn. Òfin ní ẹni tó bá ta ko Àǹtí gbọ́dọ̀ fi hàn pé èèyàn ni òun náà. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀kanlàwọ́n, tó ń jókòó ní yàrá kẹta, dúró fún àbúrò ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kò sí àfikún kankan lórí Ọ̀kanlàwọ́n, ọpọlọ tí Ọlọ́run fún un ló wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló dùn mọ́ ọn nínú jù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án títí tí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń rò ó, kò rí nǹkan kan sọ. Ọgbà Ìpamọ́ ló wà báyìí.

Mo bi ara mi ní ìbéèrè kan náà níbi tí mo jókòó sí. Mo ro ọjọ́ Ajé, mo ro Ìṣẹ́gun, mo rò ó dé òní. Ẹ̀rín tí Màmá pa mí láàárọ̀ nìkan ni mo rí mú. Bí wọ́n bá gbé e lọ tán, ṣé mo ṣì máa lè sọ pé ó dùn mọ́ mi? Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo fa àga mi súnmọ́ ọn.

"Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rọ lásán ló ń bi yín. Kò sí ará ilé yín kankan níbí. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa lọ sílé."

Ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì móoru.

"Ọmọ mi, jẹ́ n sọ òótọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi nǹkan yìí sí mi lórí, gbogbo nǹkan ló rọrùn fún mi. Bí wọ́n bá kí mi, ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi kí n tó wá a. Bí mo bá fẹ́ se ọbẹ̀, ọwọ́ mi ti mọ iye iyọ̀. N kì í wá nǹkan tì. N kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń dá jókòó, màá ní, ta ló sọ̀rọ̀ tán yẹn? Ṣé èmi ni?"

"Ẹ̀yin náà ni, Màmá."

"O ò mọ̀ ọ́n, má tàn mí. Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n pe ọkọ mi tó wà níta yẹn lórúkọ, ahọ́n mi á wúwo. Nǹkan kan á dì mí mú níbí." Ó fi ìka kan ọ̀fun rẹ̀. "Ibẹ̀ ni mo ti ń rí ara mi. Kò sí ibòmíràn tó kù. O wá fẹ́ kí n tú ibẹ̀ náà ká?"

"Bóyá àfikún náà ló ń dì yín mú, Màmá. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń sọ nìyẹn."

"Àfikún kì í dì mí mú rárá, ọmọ mi. Títì ló máa ń tì mí."

Mo yíjú sí ògiri. "Àǹtí, ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n sọ yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdáhùn ìbéèrè keje."

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n tẹ àtàǹpàkò mi síbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, mo sì mọ̀ ọ́n títí dòní. Ohun tí Màmá sọ tó mi. Kò sí iyèméjì kankan lọ́kàn mi mọ́. Mo na ọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, mo fi àtàǹpàkò lé e láìtẹ̀ ẹ́, mo wo àga. Mo fà á padà. Mo ní kí n dá ọgbọ́n kan ná. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ọgbọ́n ló máa ń pè é.

Mo dìde, mo jáde lọ bá bàbá náà.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní kọ́rídọ̀, ó gbé àpò Màmá lé ẹsẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Láwọyin lorúkọ rẹ̀. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìbéèrè títí dé orí ọkọ̀ tó ń dúró. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi? Kò ní í pè é. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Nígbà tí mo já sínú kànga lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ń sáré kiri àdúgbò, ó ń ké pé Eyínmẹ́nugún ti kó sómi, Eyínmẹ́nugún ti kó sómi. Àwọn tó ń bọ̀ wá gbà mí ń béèrè pé ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n kú síbẹ̀ nítorí orúkọ àpọ́nlé."

Ó tún rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

"Aago mélòó ni ọkọ̀ yẹn máa lọ?"

"Mẹ́rin, Bàbá. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ó gbé àpò náà sílẹ̀, ó sì tẹ̀ lé mi wọlé. Mo rò pé ó máa bá a sọ̀rọ̀ ní ìjókòó ni. Bó ṣe wọ yàrá, ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò rí irú rẹ̀ rí. Màmá fò sókè lórí àga.

"Ẹ dìde! Eyínmẹ́nugún, ẹ dìde nílẹ̀! Kí lẹ fẹ́ sọ mí dà?"

"N ò dìde."

"Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ ṣàánú mi, ẹ dìde."

"Ìyàwó, gbọ́ mi. Àwa méjì la kù nínú ilé. Bàbá Mopélọ́lá ti lọ. Mopélọ́lá fúnra rẹ̀, orí fóònù la ti ń rí ojú rẹ̀. Gbogbo agbo ilé, yàrá méjìlá, àwa méjì là ń ṣílẹ̀kùn, tí à ń tì í. Bí wọ́n bá gbé ọ lọ, ta ni mo fẹ́ máa kí láàárọ̀? Ta ló máa pè mí ní Eyínmẹ́nugún? Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu mi. Ìwọ nìkan lo ṣì ń rí àwọn tó ti ká. Mo fi ọwọ́ ara mi yọ̀ǹda fún ọ. Pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún wọn, ká máa lọ sílé, kí o máa pè mí ní tèmi lọ."

Màmá bú sẹ́kún. Ó sunkún bí ọmọdé, kò fi aṣọ bojú. Mo wo ẹ̀rọ ara ògiri bóyá ẹkún yìí máa tó o, àmọ́ Àǹtí kò fọhùn.

"Ẹ ti yọ̀ǹda?" ni Màmá béèrè níkẹyìn.

"Mo ti yọ̀ǹda."

"Ẹ bọ́ síta nígbà náà. Ẹ má gbọ́ ọ."

Mo ràn án lọ́wọ́ láti dìde. Ó jáde, mo sì ti ilẹ̀kùn. Màmá jókòó ṣinṣin, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí àga mú. Ó la ẹnu, kò sí ohùn. Ó gbé itọ́ mì. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́. Ó tún la ẹnu, ètè rẹ̀ ń wá a, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó ń gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ kúrò nílẹ̀. Mo rí ìjà náà lójú mi kòrókòró. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni èèyàn, ìṣẹ́jú méjì yẹn ni mo máa fi hàn án.

"Láwọyin," ni Màmá wí.

Ó fi ìborùn bo ojú. Mo gbọ́ tó ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Bàbá Mopélọ́lá lábẹ́ aṣọ náà.

"Ìdáhùn tọ̀nà," ni Àǹtí wí. "Ẹ kú oríire, Màmá. Èèyàn ni yín. Mo ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ náà ni yín lára púpọ̀. Mo ti fi í ránṣẹ́ sí àfikún yín, kó má baà nira fún yín mọ́."

Iná ẹ̀yìn etí Màmá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta.

"Kí lo fi ránṣẹ́?" Mo ti dìde kí n tó mọ̀. "Àǹtí, kí lo fi ránṣẹ́ sí wọn?"

"Orúkọ náà, Ìyáàfin Ládépò, àti pé kò sí èèwọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Àfikún ń gba ohun tí mo bá ti fọwọ́ sí. Mo fẹ́ kí ara tù wọ́n ni."

"Gbà á padà."

"N kò lè gba ìdáhùn tó tọ̀nà padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lu òǹtẹ̀."

Màmá sọ ìborùn náà kalẹ̀. Ó ti nu ojú, ojú náà sì tutù, ó dán, kò sí ohun kankan tó ń jà níbẹ̀. Ó wo aago ògiri, ó béèrè bóyá a ti parí. Mo ní a ti parí. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo lu òǹtẹ̀, mo sì na ìwé náà sí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa, ó sì súre fún mi, ọ̀rọ̀ kan kò ṣì lẹ́nu rẹ̀.

Mo ṣílẹ̀kùn. Bàbá wà níbẹ̀, ó ti rí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín tó hàn dé eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Láwọyin," ni Màmá wí, "gbé àpò yẹn, jẹ́ ká máa lọ. Oòrùn ti ń rọ̀."

Bàbá rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó dúró kí Màmá rẹ́rìn-ín sí i.

"Ìyàwó, a ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ báyìí. Pè mí."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ọ́ ni, àbí o ò gbọ́? Láwọyin." Ohùn rẹ̀ fúyẹ́ bí ti ẹni tó ń béèrè omi. "Kí ló ń ṣe ọ́?"

Bàbá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àpò náà. Màmá ti ń lọ níwájú ní kọ́rídọ̀, ó ń kí gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́bà ọkọ̀ aláwọ̀ eérú gbé orí sókè, ó rí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yà fún un.

Bàbá kò tíì tẹ̀ lé e. Ó yíjú sí mi.

"Ìyáàfin," ó ní, "ṣé òun náà ni?"

Iṣẹ́ mi ni ìbéèrè yẹn. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti gbé mi jókòó síbí kí n lè máa dáhùn rẹ̀.

"Wọ́n ti fún wọn ní ìwé, Bàbá," ni mo wí.

Ó gbé àpò náà kọ́ èjìká. Ó sì tẹ̀ lé Màmá lọ sílé.